Èsì: Ológbò tó sun ìta mọ́jú, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti kọjá ọjọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní ológbò yín sun ìta mọ́jú, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ sì ti fi oṣù 3 kọjá ọjọ́. Oṣù 3 yẹn kì í pa agbára abẹ́rẹ́ náà rẹ́ lójijì, tó bá ti gba ti ìgbà kékeré pé. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni bóyá nǹkan bù ú jẹ. Ẹ fi ìka tú irun rẹ̀ wò lọ́rùn, lẹ́sẹ̀ iwájú àti nídìí ìrù. Ojú ibi tí eyín ológbò mìíràn bá wọ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́: awọ á ti pa dé, irun á lẹ̀ pọ̀ síbẹ̀, ọyún á sì máa gbá jọ lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, ó ti wú.

Tí ẹ bá rí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú egbò náà, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má dúró de àmì dìgbòlugi o. Tí àmì bá ti yọ, kò sóògùn mọ́. Dókítà lè ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 45.

Tí kò bá sí egbò, ẹ ṣì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání: láìsí i, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó yín á sì lọ lẹ́ẹ̀mejì.