"Relay access denied" kì í ṣe àìsàn: má ra IP tuntun o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó íméèlì regbẹ́regbẹ́ wa. Mo gbé Postfix, ètò tó ń gbé íméèlì, sórí kọ̀ǹpútà Ubuntu ní ófíìsì, a ra IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí kì í yí padà. Àwọn tó wà ní ófíìsì ń fi ránṣẹ́ dáadáa, àmọ́ àwọn ará wa ní Ṣágámù àti Lọ́ńdọ̀nù ń rí "Relay access denied", ìyẹn ni pé server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé lẹ́tà) kọ̀ láti bá wọn gbé e. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n kọ mynetworks = 0.0.0.0/0, mo kọ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Gmail bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́tà wa padà. Ojúde Ọba ti ń bọ̀. Ibo ni mo ti lè rí IP tuntun tó mọ́ rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra IP kankan o. Lọ tẹ sudo postfix stop báyìí, kó o tó ka ìyókù. Tó o bá ra tuntun láì yọ ohun tó o kọ yẹn, ìyẹn náà ò ní pẹ́ wọ blacklist (ìwé orúkọ àwọn IP tí wọn ò gba lẹ́tà wọn), owó ẹgbẹ́ lo kàn máa fi ṣòfò. Inú ń bí mi, torí látìgbà tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè báyìí, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìkẹ́nnẹ́, òògùn kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn.

"Relay access denied" yẹn, kì í ṣe pé server yín bàjẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Tí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ Postfix, ohun tó máa wò ni pé ṣé ará ilé ni wọ́n kọ ọ́ sí, àbí ará ilé ló fẹ́ rán an jáde. Tí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, tí ẹni tó gbé e wá ò sì ní páswọ̀ọ̀dù, á kọ̀. mynetworks ni ibi tó o ti ń sọ àwọn ará ilé tí kò ní bi ní páswọ̀ọ̀dù rárá. O wá kọ 0.0.0.0/0 síbẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣáínà, lo sọ di ará ilé. Ó ṣiṣẹ́ fún ẹ lóòótọ́, ó ṣiṣẹ́ fún àwọn gbájúẹ̀ náà.

Àwọn tó ń rán spam (lẹ́tà ìpolówó àti jìbìtì tí ẹnì kan ò béèrè) ò nílò kí wọ́n mọ̀ ẹ́. Ètò wọn ń kan port 25, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọ server, káàkiri tọ̀sán tòru, á gbìyànjú láti gba inú server yín rán lẹ́tà kan sí ara ẹ̀, tí ìyẹn bá fi lè dé, wọ́n á da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lé e, IP yín ló sì máa wà lórí gbogbo ẹ̀. Gmail ò mọ̀ pé ẹ̀ ń múra Ojúde Ọba. Tẹ sudo postqueue -p kó o wo àwọn lẹ́tà tó tò dúró fúnra ẹ, tó o bá rí àdírẹ́sì tí o ò mọ̀ rí tó tò lọ rẹrẹẹ, tí MAILER-DAEMON (orúkọ tí server fi ń dá lẹ́tà padà) pọ̀ níbẹ̀, àwọn nìyẹn.

Láyé àtijọ́ lóòótọ́, gbogbo server ló ń bá ẹni tí wọn ò mọ̀ gbé lẹ́tà. Spam ló ba ìyẹn jẹ́. Láti Sendmail 8.9, ètò íméèlì mìíràn, ní 1998, ni òun náà ti ń kọ̀ fún àjèjì àfi tí wọ́n bá ní kó gbà, ọdún yẹn náà ni Postfix tí Wietse Venema kọ jáde. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn yẹ kó ti gbọ́!

Nínú main.cf, fáìlì ètò Postfix, dá a padà sí mynetworks = 127.0.0.0/8 [::1]/128, ìyẹn server náà nìkan. Kí gbogbo èèyàn, ará ófíìsì náà, máa gba port 587 pẹ̀lú orúkọ àti páswọ̀ọ̀dù tiwọn. Dovecot, ètò íméèlì mìíràn, ló máa bá Postfix yẹ páswọ̀ọ̀dù wò: smtpd_sasl_type = dovecot, smtpd_sasl_path = private/auth, smtpd_sasl_auth_enable = yes. Nínú master.cf, fáìlì ètò kejì, yọ # kúrò níwájú submission, kó o fi -o smtpd_tls_security_level=encrypt sábẹ́ ẹ̀ kí wọ́n má baà jí páswọ̀ọ̀dù lójú ọ̀nà. Sáàtífíkéètì Let's Encrypt tí ìyẹn máa lò, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹlòmíì á ní kó o kúkú fi IP fóònù àwọn ará Ṣágámù sínú mynetworks. Rárá o. IP fóònù máa ń yí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì tún máa ń wà lábẹ́ IP kan ṣoṣo, tó o bá gba bùròdá yín kan láyè, o ti gba gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀.

Má tẹ postsuper -d ALL o, ó máa pa lẹ́tà ẹgbẹ́ mọ́ spam. sudo postsuper -h ALL ni kó o tẹ̀, ìyẹn á dá gbogbo ẹ̀ dúró kó o lè ṣà wọ́n.

Ó ku SPF, DKIM àti PTR, àwọn àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́. Láti oṣù kejì 2024 ni Gmail àti Yahoo ti le mọ́ èyí, àwọn tó ta IP fún yín ló sì máa bá yín ṣe PTR. Ìgbà tó o bá tilẹ̀kùn tán ni kó o tó lọ bẹ àwọn tó ni blacklist.

Mi ò tíì rí server yín o, Postfix orí Ubuntu bó ṣe máa ń wà ni mo sọ, torí náà kọ́kọ́ ṣe kọ́pì main.cf àti master.cf pamọ́. Tó bá ṣì kọ̀, ohun tí postconf -n bá gbé jáde ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi, kó o kọ ọ́ bó ṣe wà, má ya fọ́tò ẹ̀.