Kóòṣì ní òun á yọ kílò 15 lára mi lóṣù kan: ṣé kí n gbà?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 41 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì. Kílò 96 ni mo wọ̀n, gíga mi jẹ́ mítà 1.63. "Orobo" ni gbogbo ọjà ń pè mí, mi ò sì lọ òde mọ́ nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà mí ní fọ́tò. Kóòṣì kan ní òun á yọ kílò 15 lára mi láàárín oṣù kan, kí n ṣáà pa iyán tì, kí n sì máa mu tíì tí òun ń tà. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà, ìyá wa. Kí ọ̀rá kílò kan tó jó, ara gbọ́dọ̀ ná nǹkan bíi kálórì 7,700 ju èyí tí ẹ jẹ lọ. Nítorí náà, ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ló bójú mu. Tíì tí wọ́n ń tà fún irú èyí, ewé tó ń ṣínú ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Omi àti ìgbẹ́ ló ń lé jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Náílọ́ọ̀nù tí àwọn kan ń wé mọ́ ikùn kí wọ́n lè làágùn náà ò yàtọ̀: bí ẹ bá ti mumi tán, ìwọ̀n yín á padà síbi tó wà.

Kóòṣì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín léèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, oògùn tí ẹ ń lò, orúnkún, àti bóyá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí yín rí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó 180/110, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe jíìmù. Lẹ́yìn náà ni á wọn ìbàdí yín. Téèpù ò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ: ẹ wá ibi tí egungun ìhà parí sí àti orí egungun ìgbáròkó, ẹ fi téèpù yí àárín méjèèjì ká lórí awọ ara lásán, ẹ mí jáde, kí ẹ tó kà á. Fún obìnrin, tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ, ewu àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ti ga gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ má gbára lé òṣùwọ̀n nìkan, nítorí iyọ̀ tàbí nǹkan oṣù lè fi kílò kan sí méjì kún un láìjẹ́ pé ọ̀rá pọ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó fún eré ìdárayá agbára. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ ká ọwọ́ lé àyà, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ tẹ ìgúnpá, ẹ ti ara yín padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ gbé garawa omi lítà márùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ rin ìṣísẹ̀ 20. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá ti lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀méjìlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìmí gúlegúle, ẹ lo àga tó kúrú sí i, tábìlì dípò ògiri, kí omi inú garawa pọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ ò bá le sí i, ara á mọ́ ọn lára, kò ní yí padà mọ́. Ẹni tó sì ń fi ebi nìkan jó ọ̀rá, iṣan ara rẹ̀ ń bá a lọ. Ara ríro lọ́jọ́ kejì kò burú. Orúnkún tó ń ta yín bí abẹ́rẹ́ tàbí àyà tó ń fún yín, ẹ dá eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ fi ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹ á lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò ní lè kọrin. Pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Òkè Èkìtì dára, àmọ́ sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ló ń ni orúnkún lára ju gígùn lọ. Ẹ jẹ́ kó di oṣù kejì.

Iyán ńkọ́? Ọmọ Èkìtì wo la fẹ́ sọ pé kó pa iyán tì títí láé? Iyán gíráàmù 500 tó bíi kálórì 600. Ìrìn kíákíá wákàtí kan lè jó 300 sí 400, ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ san gbèsè oúnjẹ. Ẹ bu ìwọ̀n ìkúùkù yín, bíi gíráàmù 250, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn: ṣíbí ìjẹun epo kan ní kálórì 120, ìdajì ẹ̀gúsí sì jẹ́ òróró. Púpọ̀ nínú ẹlẹ́rìndòdò sẹ̀ǹtílítà 50 ní bíi gíráàmù 50 ṣúgà. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹ má fò oúnjẹ àárọ̀ nítorí àtijẹ iyán alẹ́, ebi á mú yín bù ú pọ̀ jù.

Ní ti ìgboyà, ẹ má dúró de òṣùwọ̀n. Ohun tí ara yín lè ṣe ló máa ń kọ́kọ́ yí padà, ṣáájú ohun tí dígí ń fi hàn: ìdì aṣọ tí ẹ gbé láìsinmi, àga tí ẹ dìde lórí rẹ̀ láìfọwọ́ tì. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kóòṣì tó bá ń fi "orobo" gún yín ní kẹ́ṣẹ́, ẹ lé e.

Bí ẹ bá rí èyí tó gbà pé ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀ tó, owó oṣù kan ni kí ẹ san, kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta. Tí kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan láti fi hàn yín ní ìparí oṣù náà, ẹ wá ẹlòmíràn.