Ìyá ọkọ mi hú tòmátì mi

Olùkọ́ kan ní Kàbà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ló kọ lẹ́tà yìí. Ní oṣù karùn-ún ló gbin tòmátì sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, torí ó fẹ́ máa fi ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn se ọbẹ̀. Ní oṣù keje, ìyá ọkọ rẹ̀ kó wá bá wọn láti Ìsánlú nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọmọbìnrin yìí ti iléèwé dé, ó bá tòmátì nílẹ̀, ó ku ìdí mẹ́ta péré. Ìyá ti fọ́n tẹ̀tẹ̀ sójú ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń se ọbẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀ fún ọmọ wọn, wọ́n ní ọbẹ̀ magí kì í ṣe ọbẹ̀. Ọkọ ń jẹ méjèèjì. Bí ìyàwó bá sọ̀rọ̀, á ní, “Ìyá mi ni, kí ni kí n ṣe?” Ó wá ń bi mí bóyá kí òun kúkú pa ọgbà náà tì.

Okun o, ọmọ mi. Má pa á tì.

Ó yẹ kó dùn ọ́. Bí èèyàn ti wù kó dàgbà tó, kò yẹ kó hú ohun tí ẹlòmíràn gbìn láì kọ́kọ́ bi í, n kò sì ní sọ fún ọ pé kí o gbé e mì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ewé tòmátì náà máa ń rọ lọ́sàn-án tó bá ti mú oòrùn, á tún jí lálẹ́, ewé náà kò sì pọ́n. Lọ sídìí mẹ́ta tó kù. Fi ọ̀bẹ mímú gé ọ̀kan nítòsí ilẹ̀. Bu omi tó mọ́ sínú gíláàsì, kí o di igi náà mú kí ojú ibi tí o gé ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi. Má mì í. Bí o bá rí ohun funfun tó ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi fọ́nrán òwú, tó dà bí omi ògì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà inú ilẹ̀ ló ń pa wọ́n. Kò sí oògùn rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń hú u, wọ́n á sun ún, wọn kì í dà á sórí ààtàn. Ó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń pa ata àti ìkàn náà. Àgbàdo kò ní í bẹ̀rù rẹ̀.

Ìyá lè má mọ orúkọ àrùn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń roko láti kékeré mọ ohun ọ̀gbìn tó ti ń kú lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ohun tí ìwọ kò rí. Àṣìṣe wọn ni pé wọn kò pè ọ́. Sọ èyí fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń já ẹ̀fọ́, kúnlẹ̀ ti wọ́n, kí o ní, “Màmá, mo mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ oko jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé tí mo bá tòmátì mi nílẹ̀, ó dùn mí wọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí kí ẹ tó hú nǹkan.” Kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, fi ojú ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Obìnrin tó fi oko sílẹ̀ wá jókòó sí ilé ọmọ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ kàn. Tẹ̀tẹ̀ wọn á tó já láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, gbogbo yín ni yóò jẹ ẹ́. Ìwọ, wá àpò ìrẹsì, lu ihò sí ìdí rẹ̀, kó erùpẹ̀ ibòmíràn sínú rẹ̀, kì í ṣe ti ọgbà yẹn rárá, kí o po ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ dáadáa mọ́ ọn. Gbin hóró tòmátì sínú abọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí o ṣí i lọ sínú àpò nígbà tí òjò bá ń ká lọ. Òjò àpọ̀jù ni tòmátì ń bá jà ládùúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀rùn tí èèyàn fi ń bomi rin ín ló ń ṣe dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni kí o máa bomi sí, má bù ú lé ewé.

Ìkòkò méjì nínú ilé ìdáná kan ló ń bà mí lẹ́rù ju tòmátì lọ. Ọkọ rẹ tó ń jẹ méjèèjì ló ń jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Òun ni kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ jẹ nínú ilé òun, kó sì sọ ọ́ kí ìwọ má sí níbẹ̀. Ìwọ náà, ní Sátidé kan, ní kí ìyá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú. Wọ́n á se hóró igi irú fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí èèpo rẹ̀ á fi rọ̀, ẹ ó bó o, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó tún un sè, ẹ ó wá fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ kó móoru fún ọjọ́ 2 sí 3. Nígbà tí màmá tèmi bá ń ṣe é, ńṣe ni mo máa ń fi ọwọ́ di imú sá jáde. Wọ́n ti kú kí n tó ronú láti béèrè ewé tí wọ́n fi ń bò ó. Èyí tí mò ń rà lọ́jà báyìí, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀.

N kò bá ọ jà lórí magí. Bí irú bá dára, ìwọ fúnra rẹ á dín in kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní dandan orí ọlọ ni kí o ti lọ ata kí o tó lọ síléèwé láàárọ̀, sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló máa lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ ti pọ̀ tó.

Lọ́la, kí o tó jáde, gé igi tòmátì yẹn. Gbé gíláàsì náà síwájú ìyá, kí ẹ jọ wò ó.