Ìbéèrè Yín: Kí Ló Yọ Imú Wa Síta?

*Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé bàọ́lọ́jì wa, wọ́n ní ìbátan wa ni ìnàkí. Mo wo àwòrán rẹ̀ títí: imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ojú. Kí ló wá dé tí tèmi fi yọ síta báyìí? Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní imú mi ló kọ́kọ́ ń wọlé kí èmi tó dé. — Onímú, ọmọ ọdún 15*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Orúkọ tí o fi parí lẹ́tà rẹ yẹn, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè, kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Nígbà tí mo wá di olùkọ́, ọdún 31 ni mo fi ya imú sójú pátákó, orí ẹja ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹja kì í fi imú mí.

Òótọ́ ni, kì í fi í mí. Bí o bá wo orí ẹja dáadáa, wàá rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ níwájú ojú rẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ẹja jẹ́ mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Omi á gba ti iwájú wọlé, á gba ti ẹ̀yìn jáde, òórùn tí omi náà gbé ni ẹja ń gbọ́. Ọ̀nà kankan kò ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀fun. Òórùn gbígbọ́ ni wọ́n bá imú nídìí rẹ̀. Mímí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a níbẹ̀ ni, bí àlejò tó dé tán tó wá gba yàrá onílé.

Ìwọ náà ní mẹ́rin. Méjì ni ò ń rí nínú dígí. Méjì yòókù wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lókè ọ̀fun, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ́ sísàlẹ̀. Ihò ẹ̀yìn ti ẹja ló di ìyẹn. Báwo ló ṣe wá rìn láti ojú dé ọ̀fun? Àwọn onímọ̀ jiyàn lé e títí. Àwọn kan ní kò lè ṣeé ṣe, torí yóò ní láti la ìlà eyín kọjá. Ẹja kan tó ti di òkúta ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kenichthys ni wọ́n ń pè é, Yunnan nílẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti rí i, ó sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 395 ọdún. Ní 2004, àwọn onímọ̀ méjì, Zhu Min àti Per Ahlberg, fi hàn pé ihò ẹ̀yìn ẹja yìí kò sí lójú mọ́, kò sì tíì wọnú: àárín eyín ló wà gan-an, létí àgbọ̀n òkè. Àfi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú ilé. Nínú gbogbo ohun tí mo fi kọ́ ọmọ, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ìwọ alára rin díẹ̀ nínú ìrìn yẹn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún nínú oyún, imú rẹ kò ju ojú ibi méjì tí awọ ti nípọn lọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún orí, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n jìn wọnú, etí wọn wú, wọ́n ń sún mọ́ àárín, títí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ ara wọn àti àgbọ̀n òkè. Fi ìka kan kòtò tóóró tó wà láàrin imú àti ètè rẹ: ibi ìpàdé wọn nìyẹn. Ọmọ tí ìlẹ̀pọ̀ náà kò bá parí lára rẹ̀ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ètè òkè tó là.

Ó wá ku ti ìta, èyí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Eegun rírọ̀, bíi ti etí, ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn a sì ti jẹrà kí òkúta tó mú un. Ṣùgbọ́n eegun líle tó wà láàrin ojú méjèèjì máa ń ṣẹ́kù, bó bá sì gbéra síwájú, a ó mọ̀ pé imú tó yọ ló jókòó lé e. Ní 1984, Kamoya Kimeu, ọmọ Kẹ́ńyà tó máa ń wá egungun àtijọ́, rí ègé agbárí ọmọkùnrin kan nítòsí adágún Turkana ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì wú èyí tó pọ̀ jù nínú egungun rẹ̀ jáde. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọdún. Homo erectus ni ẹ̀yà tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà èèyàn àtijọ́ kan tó ti kú run, ọ̀dọ̀ wọn ni a sì ti kọ́kọ́ rí imú tó yọ síta bíi tiwa. Ìwọ àti èmi kọ́ ni onímú àkọ́kọ́.

Kí ló fà á? Ohun tí mo fi kọ́ni ní gbogbo ọdún yẹn ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń rìn jìnnà nínú ooru ilẹ̀ gbígbẹ, imú tó yọ sì ń bá wọn gba ọ̀rinrin inú èémí padà kó tó jáde tán. Ó dùn ún gbọ́. Àfi ìgbà tí Takeshi Nishimura àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn nínú imú èèyàn, ti ìnàkí àti ti ọ̀bọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Tiwa ló rẹ̀yìn nínú ká mú afẹ́fẹ́ móoru ká sì mú un rin! Apá tó yọ síta kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣèrànwọ́. Èrò wọn ni pé ojú wa ló sún sẹ́yìn, imú wá di ohun tó ṣẹ́ kù síwájú, bí etí òrùlé nígbà tí wọ́n bá ti ògiri sẹ́yìn. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, torí mo ti fi àlàyé àkọ́kọ́ gba owó oṣù. Mo tún un kà. Lójú tèmi báyìí, wọ́n jàre nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bóyá a rí iṣẹ́ fún un lẹ́yìn náà, lẹ́tà tó kàn ló kàn án.

*Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn. Ó ní òtútù ló ń sọ imú di tóóró, pé ẹni tó bá kó lọ síbi òtútù, imú rẹ̀ á dín. Ta ló jàre? — Aláriyànjiyàn*

Ọ̀rẹ́ rẹ jàre lábọ̀. Imú ẹnì kan kì í dín torí pé ó kó lọ. Ìran ló ń yí díẹ̀díẹ̀, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Arslan Zaidi, Mark Shriver àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn imú àwọn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àríwá Yúróòpù àti Éṣíà wá. Ìbú ihò imú ló bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ baba ńlá wọn mu: ibi tó tutù tó sì gbẹ, ihò á há, kí afẹ́fẹ́ lè fara kan ògiri inú rẹ̀ tó rin, kó móoru kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ti gígùn imú kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ rẹ má sì yọ̀ jù: àwọn Neanderthal, ìbátan wa àtijọ́ tó ti kú run, gbé nínú òtútù Yúróòpù pẹ́ gan-an, imú wọn sì fẹ̀ gbàràmù.

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ihò imú mi kan á dí. Tó bá yá, ìyẹn á là, èkejì á dí. Ṣé àrùn ni? — Bàbá Ìbejì*

Bàbá Ìbejì, rárá o. Ẹran inú imú máa ń kún fún ẹ̀jẹ̀, á wú lápá kan, á fọn lápá kejì, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan wọ́n á pààrọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dí. Bó bá jẹ́ pé apá kan náà ló ń dí nígbà gbogbo, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a wá, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ gbé dígí kékeré sábẹ́ imú yín nísinsìnyí, kí ẹ mí síta. Èéfín méjì ni yóò hàn lójú dígí, ọ̀kan á tóbi ju èkejì lọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kí ẹ kọ̀wé sí mi pé èwo ló tóbi.