Ṣé álọ́ọ̀mù lè wo omi tí àwọn awakùsà bà jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀yìnkùlé wa ni odò Ọ̀ṣun gbà. Látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lọ́nà Iléṣà, omi rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì onímílíìkì. A máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, a ó sì sè é káwọn ọmọ tó mu ún. Ṣé ìyẹn tó? Ẹja rẹ̀ ńkọ́? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò tó o. Ẹ má fún wọn mu mọ́, ẹ má sì fi po ẹ̀kọ fún wọn.

Iṣẹ́ yíyẹ omi wò ni mo ń ṣe, mo sì mọ ohun tó ń tan èèyàn. Ẹ bu omi yẹn sínú ike funfun, ẹ ro álọ́ọ̀mù sí i. Kò ní pẹ́ tí ẹrẹ̀ á fi silẹ̀, tí omi á tòrò nini. Ṣùgbọ́n òjé, irin olóró tí wíwa góòlù lè tú sínú omi, ń kọ́? Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lè bá a silẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti yòrò ṣì wà níbẹ̀, ojú kì í rí i. Iná ń pa kòkòrò, kì í pa òjé. Bí omi bá tiẹ̀ ṣe ń fà lórí iná ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i.

Ti ẹja ló le jù. Àwọn awakùsà kan máa ń po mákúrì, irin olóró tó máa ń ṣàn bí omi, mọ́ yẹ̀pẹ̀ kó lè bá wọn kó góòlù jọ. Èyí tó bá dà sódò á lọ bá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kòkòrò tíntìntín ibẹ̀ á sọ ọ́ di irú tó ń wọ ẹran ara. Ẹja wẹ́wẹ́ jẹ ẹ́, ẹja ńlá jẹ ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ wá kó jọ sára ẹja ńlá. Yíyan kò mú un kúrò. Kí aboyún àtọmọdé fi ẹja ńlá odò yẹn sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé omi Ọ̀ṣun kì í ṣe omi lásán lójú ọ̀pọ̀ wa. Síbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ lọ́dún 2022 pé ká má mu ún. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù láàárín ilé; inú eruku ni òjé tiwọn ti wá jù.

Ẹ gbe omi òjò, kí ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ rẹ̀ fọ páànù ná. Bí kànga ẹ̀rọ bá wà nítòsí, ẹ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé òjé, mákúrì àti májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic lẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Bí ẹ ò bá sọ, kòkòrò nìkan ni wọ́n sábà máa ń wò, wọ́n á sì ní omi yín dára.