Láti Buffalo sí Toronto: ẹ yẹ ìwé wò kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Raptors

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Buffalo là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, kò jẹ́ n sinmi. Àfi kí n mú òun lọ wo básíkẹ́tì àwọn Raptors ní Toronto. Ọmọ Amẹ́ríkà lòun, green card lèmi ní. Àbúrò mi tó ń kàwé níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ bá wa lọ. Bàbá ọmọ kò ní ráyè. Mọ́tò mi la máa gbé, owó ọwọ́ wa kò sì tó nǹkan. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó èèyàn kọjá ibodè yìí, mo sì ti rí i pé ìdí ìwé ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ẹ̀yin kò nílò físà Kánádà, ṣùgbọ́n green card nìkan kò tó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìrìnnà ìlú ẹni mọ́ ọn, ọjọ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ tíì kọjá. Lọ́dún kan, mo gbé èrò kan tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ̀ wà nínú àpótí nílé. Àwa mẹ́rin la jọ ṣẹ́rí padà, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sì wà nínú fóònù mi. Ẹ̀bi mi ni, mi ò bi í. Ní báyìí, èrò ò ní jókòó sínú ọkọ̀ mi kí n tó fojú ara mi rí ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló le. Físà akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kò ṣílẹ̀kùn Kánádà fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Físà àlejò ló máa gbà: 100 dọ́là Kánádà fún físà, 85 fún ìtẹ̀ka àti fọ́tò. Kó mú I-20, ìyẹn ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé ti fọwọ́ sí fún ìrìnàjò, dání. Tí físà Amẹ́ríkà tirẹ̀ bá ti kú, kó bi ilé-ìwé rẹ̀ kó tó gbéra. Lójú tèmi, tí ìwé tiyín àti ti ọmọ yín bá ti pé, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Ọmọ yín kò tíì pé 16, nítorí náà ìwé ìbí rẹ̀ tó bó bá jẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ lẹ gbà. Ẹ má náwó sí ìwé ìrìnnà nítorí géèmù kan. Ṣùgbọ́n kí bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà, kó fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ nípa ìrìnàjò náà, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀.

Ó tó 100 máìlì sí Toronto, bíi wákàtí méjì tí ibodè ò bá kún. Ẹ gba Peace Bridge, afárá tó wà ní ibodè, kẹ́ ẹ bọ́ sórí títì márosẹ̀ QEW. Tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ gba 407, títì tí wọ́n ń sanwó fún, ẹ má gbọ́ tirẹ̀: kò sí géètì níbẹ̀, kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, bíìlì á sì bá yín délé. Ẹ rántí pé kìlómítà ni wọ́n ń kà; 100 tó wà lára pátákó kò ju máìlì 62 lọ.

Ẹ má gbé mọ́tò dé Scotiabank Arena, ilé ìdíje àwọn Raptors. Owó ìgbọ́kọ̀sí àárín ìlú ń ta èèyàn. Ibùdókọ̀ rélùwéè Burlington GO ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ wọ rélùwéè Lakeshore West lọ sí Union, ibùdókọ̀ rélùwéè àárín Toronto. Láti Union, abẹ́ òrùlé lẹ máa gbà dé ilé ìdíje, yìnyín ò ní kàn yín. Lópin ọ̀sẹ̀, dọ́là 10 Kánádà péré ni tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn káàkiri ní odidi ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ kì í sanwó rárá; ọdún kan péré ló ba ti ọmọ yín jẹ́! Ẹ wo aago rélùwéè tó máa gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó wọlé.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì géèmù, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá bíi Lakers tàbí Golden State bá wá, ẹ jìnnà síbẹ̀, torí owó rẹ̀ máa ń wọ́n. Ẹ wo irú dọ́là tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí ti Kánádà kéré sí ti Amẹ́ríkà. Kẹ́ ẹ sì ti fi tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́ sínú fóònù láti ilé, torí dátà lè kú tẹ́ ẹ bá kọjá odò. Ìrẹsì inú kúlà ni kẹ́ ẹ jẹ nínú mọ́tò. Oúnjẹ inú ilé ìdíje, ọ̀tọ̀ lowó rẹ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé Hakeem Olajuwon, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú básíkẹ́tì, ọmọ Èkó, aṣọ Raptors ló wọ̀ kẹ́yìn, ní sáà 2001 sí 2002, nínú ilé yẹn gan-an.

Àlọ nìkan ni wọ́n ń gbowó Peace Bridge; nígbà àbọ̀, ẹ ò ní sanwó afárá mọ́. Aṣọ́bodè á kàn bi yín lóhun tẹ́ ẹ rà. Tó bá jẹ́ fìlà Raptors nìkan ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.