Ṣé Gbogbo Hóró Yìnyín Tí Ẹ̀rọ Kà Ló Wà Nínú Àwọsánmà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí. Àkọsílẹ̀ nípa àwọsánmà tí Global Hawk, bàálù aláìlawakọ̀nínú ti NASA (àjọ ojú òfuurufú Amẹ́ríkà), kó jọ láti erékùṣù Guam ní Òkun Pàsífíìkì ní 2014 ni mo ń lò fún iṣẹ́ àṣejáde mi. Hóró yìnyín tó kéré jọjọ pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ kà. Ṣé kí n ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn? Ẹnìkan ní kẹ́míkà tí wọ́n ń fọ́n sójú ọ̀run ni.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà yẹn, gbé e sọnù. Ó ti sú mi láti máa dá a lóhùn. Ní nǹkan bíi kìlómítà 16 lókè Òkun Pàsífíìkì, òtútù máa ń sún mọ́ 80 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀rinrin díẹ̀ tó bá débẹ̀ á dì ni. Yìnyín lò ń wò.

Ibi tí ìwọ fúnra rẹ ti ṣìnà ni pé o gbà pé bí ẹ̀rọ bá ka ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún ló wà nínú àwọsánmà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú Hawkeye, àkójọ ẹ̀rọ tí ń ka hóró àwọsánmà, tí wọ́n so mọ́ bàálù náà. Ọ̀kan ń wo bí iná lésà ṣe ń tàn lára hóró kékeré, láti máíkírọ̀n 1 dé 50 (máíkírọ̀n 1000 ló wà nínú mìlímítà kan). Èkejì, 2D-S, ń ya òjìji hóró tó bá gba àárín apá rẹ̀ méjèèjì kọjá. Ẹ̀kẹta ń ya fọ́tò. Orí ilẹ̀ ni awakọ̀ jókòó sí tó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù fúnra rẹ̀ ń sáré ju mítà 150 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Hóró ńlá tó bá fi eré yẹn kọ lu ṣóńṣó apá ẹ̀rọ á fọ́ yángá, èérún rẹ̀ á gba ojú lésà kọjá, ẹ̀rọ á sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò kan tó fọ́ di ogún àpáàdì, ta ni yóò sọ pé ogún ìkòkò ló wà nílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ iye tó ga ju bó ṣe yẹ lọ nítorí èyí. Alexei Korolev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ẹ̀rọ tó ní ṣóńṣó àtijọ́ àti èyí tó ní ṣóńṣó tuntun (tí wọ́n ṣe kí èérún má baà fò sójú lésà) wọ inú àwọsánmà pọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé èérún ni púpọ̀ nínú hóró kékeré tí ti àtijọ́ ń kà. Ṣóńṣó tuntun ń dín in kù, kò pa á rẹ́.

Nítorí náà, wo àkókò tó wà láàárín hóró kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èérún máa ń rọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Hóró gidi jìnnà síra. Ya gíráàfù rẹ̀. Bí òkè méjì bá yọ, èyí tó wà níhà àkókò kúkúrú ni kí o fura sí. Àmọ́ ka àlàyé tó wà lókè fáìlì kí o tó gé ohunkóhun! Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti gé èérún kúrò kí wọ́n tó gbé fáìlì síta. Bí o bá tún gé e, hóró gidi lò ń dà nù.

Má sì sọ pé gbogbo hóró kékeré ni èérún. Nínú àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù kò tó máíkírọ̀n 100, hóró ńlá tí ì bá fọ́ kò pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí àwọsánmà òjò alárá, níbi tí hóró ńlá pọ̀ sí, ni kí o ti ṣọ́ra gidigidi.

Hawkeye nìkan ni mò ń sọ o. Bí ti ẹ̀rọ mìíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ, ìwé ẹ̀rọ yẹn ni kí o tẹ̀ lé. Jẹ́ kí alábòójútó rẹ rí gíráàfù náà kí o tó kọ iye kankan sílẹ̀.